Ohun Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Fèrèsé Nadine

Nadine Sizemore ni mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Kò tíì kú, kò sì lókìkí. Akọ̀wé ni ní kọ́ọ̀tù ìlú wa, Marlow Landing, létí odò Ohio. Ó ti jókòó sídìí fèrèsé kan náà fún ọdún méjìlélógún. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀ tó wà níwájú fèrèsé ọ̀hún, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì fèrèsé náà. Ó ti wà níbẹ̀ kí Nadine tó dé. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí kò láṣẹ láti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí òfin. Kò le láti lóye. Tí o bá mú ìwé tí wọ́n fi pè ọ́ lẹ́jọ́ wá, Nadine lè kà á sí ọ létí. Ó lè fún ọ ní fọ́ọ̀mù. Ó lè lu òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá bi í pé, "Kí ni kí n kọ síbí?", ó gbọ́dọ̀ ní òun ò lè sọ. Ó mọ̀ ọ́n o. Ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń so táì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ. Lọ́yà nìkan ló láṣẹ láti sọ ọ́. Lọ́yà kan ṣoṣo ló kù nílùú wa, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìwé ìpín ogún nìkan ló sì ń kọ, nígbà tí ẹja kò bá jẹ ìwọ̀ rẹ̀.

Bàbá Nadine ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, títí iléeṣẹ́ náà fi kó lọ. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Nadine lọ sí yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi gba oyè tí àwọn ẹlòmíì ń fi ọdún mẹ́rin gbà. Ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ńlá. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ lọ sí Tulsa, kò sì wà á padà. Nadine padà sílé ìyá rẹ̀. Ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ kí n fi kún un.

Mo ní láti ṣàlàyé fọ́ọ̀mù kan. Tí lánlọ́ọ̀dù bá fẹ́ lé ọ jáde, kọ́ọ̀tù á fún ọ ní ìwé kan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ìbéèrè kan síbẹ̀: ṣé ẹ fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu yín? Àpótí kékeré méjì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀kan wà fún bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan wà fún rárá. Tí o bá fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dá ọjọ́ fún ọ, wàá sọ tìrẹ. Tí o bá fi àmì sí rárá, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n á lé ọ jáde láìjẹ́ pé adájọ́ rí imú rẹ.

Ẹ máa rò pé kò sẹ́ni tó máa mú rárá. Ẹ ò mọ àwọn ará ibí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé kí a má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí wọ́n bá bi wá bóyá a fẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ si, a máa ní rárá, ẹ ṣeun, ebi sì ń pa wá. Tí dókítà bá bi wá bóyá ó ń dùn wá, a máa ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ìwé bá bi àwọn èèyàn wa bóyá wọ́n fẹ́ gba àkókò adájọ́, wọ́n á mú rárá. Wọ́n rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Wọ́n rò pé adájọ́ á rí i, á sì ṣàánú wọn. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn kò gbé ibí rí, tàbí kẹ̀, ó gbé ibí rí dáadáa.

Ruby Fannin mú rárá. Opó ni, ó ti gbé inú ilé yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Nítorí ajá ọmọ ọmọ rẹ̀ ni lánlọ́ọ̀dù ṣe fẹ́ lé e jáde. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀pù mi.

"Àkókò adájọ́ ṣe pàtàkì," Ruby wí. "Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu."

"Ìyá Ruby," Nadine ní, "ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè yẹn kà sí yín létí."

"Mo ti gbọ́ ọ, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n sáà tún un kà."

Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lọ sílẹ̀ níbi rárá. Ruby rẹ́rìn-ín sí i, ó fi àmì sí rárá, ó sì kí i pé ó ṣeun. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, àwọn ọlọ́pàá káúńtì kó àga Ruby síta. Òjò ń rọ̀. Nadine gbé ọkọ̀ ìyá rẹ̀ lọ bá a kó ẹrù.

Ẹni tó tún mú fọ́ọ̀mù yẹn wá lẹ́yìn ìyẹn, Nadine kò tún un kà fún un. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ni kí ẹ mú." Ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Straub, wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn kì í dún, ṣùgbọ́n ó ní etí. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Nadine: ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò gbọ́dọ̀ ṣe bíi lọ́yà. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

"Tó bá jẹ́ lọ́yà ni wọ́n ń wá," Nadine wí, "màá di lọ́yà."

"Lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta?" Ìyáàfin Straub ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún un kà fún yín?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ máa wọ aṣọ dúdú. Ó fẹ́ àṣẹ láti la ẹnu ni.

Iléèwé òfin kan wà ní ìlú ńlá, ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ sí wa, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní alẹ́. Ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n wo ìwé Nadine, wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní kó ṣe ìdánwò àbáwọlé, kó gba mẹ́tàléláàádọ́jọ, àga rẹ̀ á máa dúró dè é. Oṣù kẹfà ni wọ́n á ti ilẹ̀kùn fún ọdún náà. Ó lè ṣe é ní oṣù kìíní, ní oṣù kẹrin, àti ní oṣù kẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tí kò bá tó o, ó di ọdún mìíràn. Ó sọ fún mi pé tí òun bá kùnà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, òun ò ní lọ mọ́.

Èmi rò pé òfin ni wọ́n máa bi í. Tí mo bá fẹ́ gba ẹni tó máa bá mi tún bọ́ílà tó ń mú kọ́ọ̀tù móoru láti ìsàlẹ̀ ṣe, iwájú bọ́ílà ni màá mú un lọ. Mi ò ní bi í nípa ìgbín. Àwọn wọ̀nyí bi í nípa ìgbín. Mo fi ojú ara mi rí i. Ìgbín inú òkun, àwọ̀ ìkarahun rẹ̀, àti àríyànjiyàn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì lórí rẹ̀. Kò sí òfin kankan nínú ìdánwò àtiwọ iléèwé òfin. Kò sí lánlọ́ọ̀dù, kò sí olè, kò sí tọkọtaya tó ń jà sí ọmọ. Wọ́n á sọ ìtàn kékeré kan fún ọ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Abernathy ní kọfí ń ba oorun jẹ́, ẹlòmíì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí gan-an ni wọ́n ń bára wọn jiyàn lé lórí? Mo ní kí wọ́n lọ bi Abernathy.

Máàkì rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọgọ́fà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ọgọ́sàn-án. Tí o bá sùn lọ níwájú kọ̀ǹpútà títí àkókò fi tán, ọgọ́fà ni wọ́n máa fún ọ. Mo bi Nadine pé kí ló fà á.

"Mi ò mọ̀, Bàbá Orval. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ olówó tó ya dìndìnrìn lè délé sọ pé òun gba ọgọ́fà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì ṣe ìdánwò náà nígbà yẹn.

Mẹ́rin ni ìpín rẹ̀, ìṣẹ́jú márùndínlógójì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; pẹ̀lú àyẹ̀wò àti ìsinmi, ó tó wákàtí mẹ́ta. Mẹ́ta ni wọ́n ń kà. Ìkẹrin, òun ni wọ́n fi ń dán ìbéèrè ọjọ́ iwájú wò lára rẹ, wọn kò sì ní sọ fún ọ èyí tó jẹ́. O máa la òógùn lórí gbogbo rẹ̀ ni. Tí mo bá ní kí ẹnì kan wá nu yàrá mẹ́rin fún mi, tí mo ní mẹ́ta ni màá wò, tí mi ò sọ èyí tí mi ò ní wò, ẹ máa pè mí ní aláìdáa.

Ọ̀kan tún wà tó dùn mí jù. Ìpín kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń bi ọ́ pé èèyàn méje fẹ́ jókòó sórí àga méje, ẹni báyìí kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni báyìí, ẹni báyìí gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni báyìí, tò wọ́n. Iṣẹ́ Nadine nìyẹn! Ọjọ́bọ̀ ni kọ́ọ̀tù máa ń kún. Òun ló máa ń tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, kí ìdílé Fugate má bàa fojú kan ìdílé Combs, kí ìyàwó àtijọ́ má bàa jókòó sẹ́yìn ìyàwó tuntun. Ó ti ń ṣe é fún ọdún méjìlélógún láìyọ pẹ́ńsùlù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjà ti bẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ tó lọ yọ eyín ni. Wọ́n yọ ìpín yẹn kúrò kí Nadine tó dé ibẹ̀. Àwọn ìgbín ni wọ́n fi sílẹ̀.

Oṣù kìíní, ó ṣe é nílé, níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń wò ó láti inú ẹ̀rọ. Ó ní kó fi ògiri han òun, kó fi abẹ́ tábìlì hàn, kó fi etí rẹ̀ hàn. Ó fi wọ́n hàn. Ní àárín ìdánwò, ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bi í bóyá ó fẹ́ kọfí. Ẹni inú ẹ̀rọ dá aago dúró, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gba ìrànlọ́wọ́.

"Kọfí ni," Nadine wí.

"Ẹ jẹ́ kí ó jáde."

"Ilé rẹ̀ ni."

Mẹ́rìnlélógóje ni wọ́n fún un.

Ó wá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan lórí ẹ̀rọ. Preston lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, eyín rẹ̀ funfun bí abọ́ ilé ìwẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nadine máa ń ṣí i ní yàrá bọ́ílà mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nítorí ibẹ̀ móoru. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ. Kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi," á ní, "a kì í kọ́ ìdánwò níbí. À ń di onírònú. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín dà bí adágún omi tó pa rọ́rọ́."

"Adágún omi tó pa rọ́rọ́," mo ní, "ẹ̀fọn ló ń bí."

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Orval, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

"Òun fúnra rẹ̀, mélòó ló gbà?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án."

"Iléèwé òfin wo ló wá lọ?"

Nadine wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò lọ ibì kankan. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn."

Kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí gbogbo ilé wà lọ́wọ́ Preston, ìta ló wá dúró sí, ó ń ṣàlàyé kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́ Nadine ní orúkọ oríṣi àṣìṣe ìrònú mẹ́tàdínlógún. Nadine mọ gbogbo orúkọ náà lórí. Oṣù kẹrin, ó padà lọ ṣe ìdánwò. Mẹ́tàlélógóje. Ó fi ọ̀kan lọ sílẹ̀.

Mo ti rí i nígbà tí òjò pa á, nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ, nígbà tí Ìyáàfin Straub fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Mi ò rí i rí bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn. Kò sunkún. Ó sáà jókòó, ó ń yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ẹ̀wà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sétí abọ́. Ó sì fẹ́ràn àlùbọ́sà.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ó ní.

"Ka ọ̀kan sí mi létí," mo ní.

"Nínú kí ni?"

"Nínú ìyà yẹn. Ka èyí tí o kùnà."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ohun tó kà nìyí. Gbogbo lánlọ́ọ̀dù tó ń gbé ní ìlú Pell ló máa ń tún òrùlé tó ń jò ṣe kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Òrùlé ilé tí Marge háyà ti ń jò láti oṣù kan, lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì tíì tún un ṣe. Èwo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́? Àkọ́kọ́, lánlọ́ọ̀dù Marge kò láàánú. Ìkejì, Marge kò fi ẹjọ́ sùn ní kíkọ sílẹ̀. Ìkẹta, Marge lè pè é lẹ́jọ́. Ìkẹrin, lánlọ́ọ̀dù Marge kò gbé ní Pell.

"Ìkẹrin," mo ní.

"Ìkejì ni mo mú."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí! Ẹnu ni gbogbo wọn fi ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn. Tí Marge bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀."

"Mi ò rí ibi tí ìwé ti sọ ìyẹn."

"Ìwé ń pa irọ́, Bàbá Orval! Ìlú wo ni gbogbo lánlọ́ọ̀dù ti ń tún òrùlé ṣe lọ́sẹ̀ kan? Ẹ fi ìlú náà hàn mí, mo máa kó lọ síbẹ̀ lọ́la!"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ mú ìkẹrin?"

"Ìwé ní gbogbo wọn. Mo gbà fún un. Mi ò ní ìbátan ní Pell."

Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ibi tí ìdáhùn wà. Ìkẹrin ni. Ó wò mí bí ìgbà tí mọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹjọ!"

"Ìkeje," mo ní. "Ìkẹjọ ni mo sá fún."

Ó ka mẹ́wàá sí mi létí. Mo rí méje gbà. Òun fúnra rẹ̀ ti rí márùn-ún. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìgbín, tàbí owó orí, tàbí bí wọ́n ṣe ń kun àwòrán, nítorí náà mi ò ní ohun tí mo lè fi bá ìwé jà. Nadine mọ̀ púpọ̀ jù. Gbogbo ìbéèrè ló ń dáhùn bí ẹni tí Ruby Fannin dúró síwájú rẹ̀.

"Nígbà tí Ruby dé fèrèsé," mo ní, "kí lo sọ fún un?"

"Ẹ fi Ruby sílẹ̀."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ mọ ohun tí mo sọ. Mo lè ka ohun tó wà nínú ìwé, mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìdánwò yẹn nìyẹn."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ka ohun tó wà nínú ìwé," mo ní. "Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O ti ń ṣe é fún ọdún méjìlélógún. Preston kò lè kọ́ ọ."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn, Bàbá Orval?"

"Mo gbọ́."

"Ohun tó lé Ruby jáde nínú ilé. Òun ni ẹ ní kí n fi wọ iléèwé."

"Fún wákàtí mẹ́ta péré."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó gòkè lọ. Ọjọ́ méjì, kò bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá ń kọjá níbi tí mo ti ń nulẹ̀, á gba ibi tó tutù kọjá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá bọ́ílà pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo ìyá rẹ̀, tiwa méjèèjì. Ó ti da ìwé tó wà lára fèrèsé kọ, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìdánwò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí kò láṣẹ.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ má rẹ́rìn-ín."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Tó bá ti ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n ní òótọ́," mo máa fi igi mọ́ọ̀pù gbá páìpù. Páìpù yẹn máa ń dún dé òkè. Ìyáàfin Straub kọ̀wé sí mi pé kí n tún páìpù ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbá a títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i o. Ó ń yá sí i, ó sì ń tutù sí i. Á ka ìtàn tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, á mú ìdáhùn, kò ní bínú. Wọ́n á ní gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹyin ló ń dàgbà, Nadine á ní ó dáa. Ìgbà kan wà tí ó lè bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jà títí di àkókò ìpadà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé ó ń gba máàkì. Kò dùn mọ́ mi láti máa wò ó.

Ìdánwò oṣù kẹfà, yàrá bọ́ílà ló ti ṣe é, lọ́jọ́ Sátidé, tí kọ́ọ̀tù wà ní títì, kí ìyá rẹ̀ má bàa fi kọfí ṣe é léṣe. Mo dúró níta ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn ẹni inú ẹ̀rọ.

"Kí ni ìyẹn lẹ́yìn yín?"

"Mọ́ọ̀pù ni."

"Ẹ gbé e kúrò."

"Kò mọ̀wé."

"Ẹ gbé e kúrò, mà."

Nadine ṣílẹ̀kùn, ó na mọ́ọ̀pù sí mi, ó tún tì í. Mo dì í mú fún wákàtí mẹ́ta.

Èsì dé lọ́jọ́ Wẹ́sídé kan, nǹkan bíi aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo wà níwájú fèrèsé. Nadine wo fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó wá kọ nǹkan sórí ìwé kékeré kan, ó gbé e mọ́ gíláàsì kí n rí i. Mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Wọ́n ń bèèrè mẹ́tàléláàádọ́jọ. Ó ti wọlé. Kò pariwo. Àwa ará ibí kì í pariwo. Mo mi orí, mo ń nulẹ̀ lọ. Mo nu ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ tí Delmar Queen wọlé. Mo mọ bàbá rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ọmọ rẹ̀ méjì wà nílé, ìyàwó rẹ̀ sì tún lóyún. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n fi àmì síbì kan."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ kà á, kí ẹ mú ọ̀kan."

"Adájọ́ á ní iṣẹ́ púpọ̀ lónìí."

Nadine na bírò sí i.

"Mo rò pé kí n sáà fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́," Delmar wí. Bírò rẹ̀ ti wà lórí rárá. "Àbí kí lẹ rò, mà?"

Ìyáàfin Straub dìde láti ibi tábìlì rẹ̀. Ó wá dúró sẹ́yìn Nadine bíi pé ó fẹ́ mú ìwé kan.

Mo rò pé Nadine á sọ ọ́. Ṣebí ó ti wọlé! Mo ṣìnà. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà níbí, wọ́n á tú ìwà rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ. Tí wọ́n bá rí i pé ó ti ṣe bíi lọ́yà nígbà tí kì í ṣe lọ́yà, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un rí, ọdún mẹ́rin ti ṣòfò. Nadine mọ ìyẹn kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbà lórí ẹ̀rọ láàárọ̀ yẹn kì í ṣe àṣẹ láti la ẹnu. Ọdún mẹ́rin mìíràn láti dákẹ́ ni, ó kéré tán. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ojú ìdánwò ni.

"Mo lè tún ìbéèrè náà kà sí yín létí, ọ̀gá," ó ní. "Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè níbì kankan mọ́.

"Ó dáa, mà," Delmar ní. "Ẹ ṣeun." Ó tẹ bírò mọ́ ìwé.

"Delmar," mo ní.

Ó bojú wẹ̀yìn.

"Fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Kí o sì wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ. Wẹ ọwọ́ rẹ kí o tó wá."

"Ṣé inú ò ní bí adájọ́?"

"Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un láti gbọ́. Fi àmì sí i."

Ó fi àmì sí i.

"Orval!" Ìyáàfin Straub ní.

"Mà?"

"Ìwọ kì í ṣe lọ́yà."

"Rárá, mà. Ilẹ̀ ni mò ń nù."

"O mọ̀ pé ìwé wà lára fèrèsé yìí."

"Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí, mà. Mi ò ní ọ́fíìsì. Èmi àti bọ́ílà la jọ wà."

Ó wá inú ọ̀rọ̀ yẹn títí, kò rí ibi tó máa gbá mú. Ó padà lọ jókòó. Nadine kò wò mí. Ó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ Delmar, ó gbé òǹtẹ̀, ó sì lù ú débi pé kálámù méjì fò kúrò lórí tábìlì.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá kọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀ pé oṣù kẹsàn-án ni màá fẹ̀yìntì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, eékún mi kò dáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo gòkè lọ bá wọn pé kí wọ́n fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì mi padà. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo wá fẹ́ lọ.

Mo ní kí wọ́n kọ ọdún mẹ́rin.